Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Baltimore ń béèrè orin ìgbà èwe wọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànkẹ́_Baltimore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí, òru ni tèmi. Bàbá kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ẹni ọdún 86. West Baltimore ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé dàgbà. Ìgbàgbé ti ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n lè bi mí ní orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ sí aago mẹ́ta òru, wọn á dìde jókòó, wọn á máa fi ìka lu igi bẹ́ẹ̀dì, wọn á ní kí n fi orin sí i.

Mo ní kí n ṣe wọ́n lóore. Mo ra àkójọ DVD àwọn eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, mo tún ra àwòrán ńlá kan tí Elvis, olórin òyìnbó nì, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò pupa, mo fi kọ́ ara ògiri. Bàbá wò ó, wọ́n yíjú sí ọ̀nà kejì. Ó dùn mí díẹ̀, owó mi ni.

Ọmọ wọn obìnrin wá gbé àpótí kan jáde láti yàrá abẹ́ ilé. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú rẹ̀, ńlá àti kékeré. Mo lọ ra gírámafóònù kan tó dà bí báàgì ìrìnàjò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi sí i, ohùn olórin náà ń fà bí ẹni tó gbé oògùn oorun mì. Èkejì bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń nù ún, ó fọ́ sí mẹ́rin bí abọ́ tánganran. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì sọ fún ọmọ wọn.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa, kí sì ni kí n máa gbé fún bàbá yìí?

AlátùńṣeRédíò_Mushin

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi tún rédíò àti gírámafóònù ṣe kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ṣeé ṣe kí oríṣi mẹ́ta wà nínú àpótí yẹn, má dà wọ́n pọ̀.

Èyí tó wúwo, tó sì ń fọ́, 78 là ń pè é, torí ìgbà 78 ló ń yí po láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú kan rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, o kò tíì jókòó dáadáa tó ti tán. Kì í ṣe ike. Shellac ni wọ́n fi ṣe é, oje ara kòkòrò kan báyìí tó ń wá láti Íńdíà, òun náà ni àwọn káfíńtà wa ń pò mọ́ sípíríìtì tí wọ́n fi ń pọ́líìṣì àga. Ṣé o rí ibi tí mò ń lọ? Bí sípíríìtì bá lè yọ́ ọ fún káfíńtà, yóò yọ́ ọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Má fi ohunkóhun tí ọtí wà nínú rẹ̀ nu 78. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan, aṣọ tó rọ̀. Má jẹ́ kí omi kan pépà tó wà láàárín. Gbé e nàró kó gbẹ.

Èyí kékeré tí ihò rẹ̀ fẹ̀, 45 nìyẹn. Ilé iṣẹ́ orin RCA Victor ló gbé e jáde ní 1949, nítorí pé ilé iṣẹ́ Columbia ti fi LP ṣíwájú wọn ní 1948, èyí ńlá tó ń gba nǹkan bí ogun ìṣẹ́jú lójú kan. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ẹni tó ra ẹ̀rọ ló ń jẹ ìyà, torí ohun tí o rà lọ́dọ̀ ẹni kan kò bá ẹ̀rọ ẹnì kejì mu. Nígbà tó yá, 45 di ti àwọn ọ̀dọ́: ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, jukebox, ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń ju owó sí, sì gbà á. Ra ike róbótó tí wọ́n ń fi dí ihò rẹ̀, kọ́bọ̀ ni.

Ohùn tó ń fà yẹn, 78 lo fi sí ìwọ̀n 45. Wo ẹ̀gbẹ́ apá abẹ́rẹ́, wàá rí nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń yí i. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ tún ni ọ̀rọ̀: ipa orin ara 78 fẹ̀ ju ti 45 lọ dáadáa, abẹ́rẹ́ tó bá ẹ̀rọ rẹ wá yóò kàn máa wọ́ lábẹ́ níbi tí ìdọ̀tí wà ni. Wá èyí tí wọ́n kọ "78" tàbí "3 mil" sí. Kí o sì to àwọn àwo náà lóòró bí ìwé, má tò wọ́n lé ara wọn.

Èyí tó fọ́, kó gbogbo àfọ́kù rẹ̀ sínú àpòòwé. Kí o sì sọ fún ọmọ wọn lónìí, kó tó fojú ara rẹ̀ rí i.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Àǹtí, ẹ gbọ́ ti bàbá yẹn, ní pàtàkì ti ìparí. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ ilé-sí-ilé rí. Ní ilé kan, wọ́n ní mo jí fọ́tò. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ ló bọ́ sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí i, iṣẹ́ ti bọ́. Ẹ má gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan lọ sílé yín láti lọ "gbà á sórí fóònù", àní bí bàbá bá ní kí ẹ máa mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún yín láyè.

Lórí bàbá fúnra wọn: ẹ ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ẹni ọdún 86 ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ní 1951, ó ti tó ogún ọdún kí 1959 tó parí. Orin tó wọ èèyàn lára láàárín ìgbà yẹn sí bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni kì í tètè jáde, bí orúkọ ọmọ tilẹ̀ ń sọ nù. Nítorí náà "orin àtijọ́" kò tó. Ti ọdún wo? Ti àdúgbò wo?

Ẹ má sì máa bi wọ́n pé "ṣé ẹ rántí?" Ìdánwò nìyẹn, ojú á tì wọ́n. Ẹ fi orin sí i, ẹ jókòó, ẹ dákẹ́. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n kí méjèèjì má baà pariwo pọ̀. Bí omijé bá bọ́ lójú wọn, ìyẹn nìkan kò ní kí ẹ pa á. Bí wọ́n bá ń fa aṣọ ya tàbí tí wọ́n fẹ́ jáde, ẹ pa á.

Bọ̀dáMókọ́lá

Kí ló wá le nínú èyí? Jim Reeves! Ẹ fi Jim Reeves sí i fún wọn, ẹ ó rí i bí ara wọn á ṣe balẹ̀. Nílé wa ní Ìbàdàn, Kérésìmesì kò tíì dé tí bàbá mi kò bá tíì gbé Jim Reeves sí i. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 31 October 1959, ojú fèrèsé aládùúgbò ni bàbá mi ti ń wo fíìmù kọ́bọ̀ì. Amẹ́ríkà àtijọ́, ẹ̀yin ẹ bi wá!

ÌyáOlùkọ́_Maryland

Ẹ̀rín pa mí, Bọ̀dá Mókọ́lá. Èmi náà fẹ́ràn Jim Reeves, àmọ́ ìrántí tiwa nìyẹn. Ará Texas ni ọkùnrin náà, olórin country, ọkọ̀ òfuurufú já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní 1964. A fẹ́ràn rẹ̀ nílé torí ó ń kọrin jẹ́jẹ́, a sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọmọ dúdú ní Pennsylvania Avenue ní 1953 kọ́, ìyẹn kò fi í ṣe Kérésìmesì.

Àkànkẹ́ ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìpínlẹ̀ yìí, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ níwèé. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yíjú kúrò, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà nínú páálí pẹ̀lú mọ́tò pupa àti ilé oúnjẹ tí iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, wọn kò jẹ́ kí bàbá yìí wọ ibẹ̀. Ní Baltimore, ètò ijó àwọn ọ̀dọ́ kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n, Buddy Deane Show, láti 1957 sí 1964. Olórin dúdú lè wá kọrin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dúdú kò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ òyìnbó jó, ọjọ́ tiwọn wà lọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn jó pọ̀, wọ́n kúkú pa ètò náà rẹ́.

Tiwọn ni Royal Theatre ní Pennsylvania Avenue. Olórin tó bá ń rìnrìn àjò gba ilé eré àwọn dúdú kọjá, Apollo ní Harlem, Howard ní Washington, Royal ní Baltimore, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà. Wọ́n wó Royal yẹn ní 1971. Bí o bá wa bàbá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n máa rí ère Billie Holiday nítòsí ibẹ̀, obìnrin olórin tó dàgbà ní ìlú yìí.

Ìlú yìí náà ni The Orioles ti jáde. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọrin ní orígun òpópónà ni wọ́n, ẹnì kan ń gbé e, àwọn yòókù ń gbè é lábẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ ìtàn orin gbà pé wọ́n wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún irú orin yẹn. Orin wọn ti 1948 gbòde, ti 1953 tún gbòde jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo àárín àwọn 78 àti 45 yẹn bóyá wàá rí "Jubilee", orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde nìyẹn.

DéléAlántẹ́nà

Lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹ má sanwó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra áńtẹ́nà inú ilé, ẹ so ó mọ́ ojú fèrèsé, ẹ wá MeTV tàbí Antenna TV. Eré àtijọ́ ni wọ́n ń fi hàn, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, àwòrán ìgbà yẹn kò fẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí, tẹlifíṣọ̀n tuntun á wá fà á gbòòrò, gbogbo ojú á wú bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ lọ sí ìsètò, ẹ fi sí 4:3, kí dúdú méjì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìkejì, ẹ pa ohun tí wọ́n fi ń mú àwòrán yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí fíìmù dà bí fídíò ìgbéyàwó.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ní 1950, ilé 9 péré nínú 100 ló ní tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1960, ó ti tó 87. Nítorí náà, bí bàbá bá ní rédíò làwọn fi dàgbà, òótọ́ ni. Ẹ wá eré rédíò ìgbà yẹn lórí Internet Archive, ó pọ̀ níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Mo ti rí àwọn tó ń ta èyí kan náà nínú fílásì.

Àkànkẹ́_Baltimore

Ẹ ṣeun gan-an ni. Délé, mo ti so áńtẹ́nà. Lánàá, I Love Lucy ni wọ́n ń fi hàn, bàbá ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ni ọkọ Lucy bá gbé ìlù kọ́rùn, ó ń pariwo "Babalú!" Mo fò dìde. Bàbá bi mí pé kí ló dé.

OmíyalẹÀgbàdo

Háà! Àǹtí, ẹ gbọ́ dáadáa. Desi Arnaz ni ọkùnrin yẹn, ọmọ Santiago ní Kúbà. Margarita Lecuona, ọmọ Kúbà bíi tirẹ̀, ló kọ orin náà, Babalú Ayé tí wọ́n ń pè níbẹ̀ sì ni Ọbalúayé wa, tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà. Nílé ìyá ìyá mi, ẹ ò lè pe orúkọ rẹ̀ kejì láàárín ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. "Olóde" là ń pè é, tàbí "Ilẹ̀ Gbígbóná". Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà wá ń fi í dá mílíọ̀nù èèyàn lára yá. Ẹ sọ fún bàbá.

Òótọ́ kan tó dùn mọ́ mi nípa eré yẹn: nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé tẹlifíṣọ̀n CBS ní October 1951, ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ní New York, àwọn ìlú tó jìnnà á sì wo èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà yà láti ojú tẹlifíṣọ̀n. Desi àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe Lucy kò fẹ́ kúrò ní Hollywood. Wọ́n fi kámẹ́rà fíìmù mẹ́ta yà á níwájú àwọn òǹwòran, wọ́n gbà kí owó wọn dín kù, ṣùgbọ́n fíìmù náà di tiwọn. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́ lójú yín títí di òní, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣègbé.

Ọmọ_Àgbádárìgì

Kí ẹ tó parí, ẹ wò ó bóyá rẹ́kọ́ọ̀dù Babátúndé Ọlátúnjí wà nínú àpótí yẹn. Ọmọ Àjídó ni, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. 1950 ló lọ sí Morehouse ní Atlanta. Ní 1960, Columbia gbé àwo ìlù rẹ̀ jáde, Drums of Passion, ilé dúdú tó rà á kò kéré.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ kó ìwé ìròyìn náà mọ́ ọn o. Bí ẹ bá rí Jet àtijọ́, ìwé ìròyìn àwọn dúdú, nínú yàrá abẹ́ ilé, ẹ gbé e sí wọn lọ́wọ́. Ó kéré, kò wúwo. Bàbá kan tí mo tọ́jú fi hàn mí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń to orúkọ àwọn dúdú tó máa yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn. Wọn kì í pọ̀, ẹ ó fi ojú kan kà wọ́n tán. Bí ẹnì kan bá yọjú, wọ́n á máa pe ara wọn láti ilé dé ilé. Nat King Cole gan-an, olórin dúdú nì, tó ní ètò tirẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n NBC láti November 1956, ọdún kan àti díẹ̀ ló lò, torí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ fi ọjà rẹ̀ sí i káàkiri orílẹ̀-èdè.

Bọ̀dáMókọ́lá

Mo ti gbọ́ ìbáwí. Ó dáa, ẹ kò ṣe kúkú gbé wọn jáde? Mo kà pé ọgbà ìṣeré àtijọ́ kan wà ní Baltimore, Gwynn Oak, àti pé wọ́n ti gbé ẹṣin onígi rẹ̀ tó ń yí po, tí àwọn ọmọdé ń gùn, lọ sí National Mall ní Washington. Ìrìn wákàtí kan ni.

ÌyáOlùkọ́_Maryland

Bọ̀dá, ẹ dúró ná. Títí di 28 August 1963, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ dúdú wọ Gwynn Oak. Àwọn èèyàn ti wọ àtìmọ́lé lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ tí Dr. King sọ̀rọ̀ ní Washington gan-an ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ gun ẹṣin yẹn. Bàbá Àkànkẹ́ ti lé lógún ọdún nígbà yẹn. Ó lè jẹ́ ìdùnnú, ó sì lè jẹ́ egbò. Kí ó kọ́kọ́ bi ọmọ wọn, kó sì pe àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin náà kó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ó bá fẹ́ gbé wọn jáde dandan, Bengies wà ní Middle River, sinimá tí wọ́n ń wò látinú mọ́tò, láti 1956 ló ti wà. Wọn kò ní sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó bá wọn lára mu.

Àkànkẹ́_Baltimore

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo sọ fún ọmọ wọn nípa èyí tó fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá fúnra wọn ti jókòó lé méjì rí. Ó gba àpòòwé náà, ó to àfọ́kù yẹn pọ̀ lórí tábìlì, ó ní ti ìyá bàbá ni, orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fún mi láyè láti máa fi àwọn tó kù sí i.

Ọlátúnjí kò sí níbẹ̀. Bọ̀dá Mókọ́lá, ẹ gbọ́: orin Jim Reeves kan ṣèèṣì bọ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́bọ̀, kí n tó pa á, bàbá ti ń bá a kọ ọ́. Wọ́n ní sójà làwọn ní Jámánì nígbà yẹn, rédíò àwọn sójà kì í dákẹ́ lórí rẹ̀. Ìyáa wa Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá yọ̀ díẹ̀.

Mo rí Jubilee. 78 ni, The Orioles, 1953, "Crying in the Chapel". Mo wá a lórí fóònù, mo rí i pé Elvis tí mo gbé kọ́ ara ògiri náà kọ ọ́, 1965 ni tirẹ̀ jáde. Mo ti já àwòrán yẹn. Mo fi omi àti ọṣẹ nu àwo náà, mo mú un gbẹ, mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, mo yí i sí 78. Aago mẹ́ta ku díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta ṣáṣáṣá bí epo gbígbóná, lẹ́yìn náà ni ohùn jáde.

Ìka tí wọ́n fi ń lu igi bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí wá, orin náà ló bá mu. Wọn kò sì gbé orin yẹn bí ẹni tó ń kọ ọ́ níwájú. Ohùn abẹ́ ni wọ́n ń gbè, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú, hùùn, hùùn, wọ́n sì mọ ibi tó ti ń yí. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní èmi ni kí n gba ohùn òkè.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ìyáa wa, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kó tó di alẹ́ òní. Aago méje ni mò ń wọlé.